Pọ́ìǹtì Túnjí Lórí Òkè

Òórùn kọfí tí wọ́n ń yan lórí iná igi ni n kò lè fara dà mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra búrẹ́dì àti kọfí inú ọ̀rá ní ìsọ̀ tó wà níwájú ilé wa ní Ìlaròó. Ọmọbìnrin tó ń tajà gba ẹgbẹ̀rún méjì náírà lọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ kò sì yí padà, bíi pé iye tí wọ́n ti ń tà á láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn. Mo dúró, mo ń wo ọ̀rá ọwọ́ mi. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ojúgbà yóò rántí. Ní ọdún tí a lò kẹ́yìn ní yunifásítì, àádọ́ta kọ́bọ̀ ló ń bọ́ ẹnì kan láti òwúrọ̀ di alẹ́, itan adìẹ a sì máa wà lórí ìrẹsì lọ́jọ́ Àìkú. Kọfí kò lówó lórí rárá. Inú ìkòkò ńlá kan ni wọ́n ń gbé e sí lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìjẹun, kí ẹni tó bá fẹ́ máa bù ú. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì kì í bù ú. A ní ó korò jù, ògì ni àwa mọ̀.

Ilẹ̀ Yewa ló bí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Ẹ̀gbádò. Èmi wá láti Ìgbógílà. Ẹnì kejì jẹ́ ọmọ Tube, létí ibodè, níbi tí ọmọdé ti ń fi Faransé ná ọjà kí ó tó mọ ìwé kà. Èdè Faransé yẹn náà ló lọ kọ́ ní yunifásítì, òun ló sì fi kọ́ni títí ó fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà Olùkọ́ Faransé la ń pè é. Ẹnì kẹta ni ọmọ Ìlobì tó di àlùfáà ìjọ. Nígbà tí ó bí àkọ́bí rẹ̀, a gbàgbé orúkọ tí a ń pè é nínú yàrá wa ní yunifásítì, a bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Bàbá Túnjí. Ó tó bí ogójì ọdún tí a fi pè é bẹ́ẹ̀ kí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀.

Túnjí yìí ló rán wa ní ìrìn-àjò kan. Ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní àgbègbè wa, ó sì wọ ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ kan tí àwọn aṣojú rẹ̀ máa ń wá bá àwọn òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́. Bí nǹkan náà ṣe rí nìyí: wọn kì í ta ilé fún ọ, wọn kì í sì í yá ọ ní yàrá. Wọ́n á máa yọ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ, wọ́n á sì máa fún ọ ní pọ́ìǹtì lọ́dọọdún. Pọ́ìǹtì yẹn ni o ó fi máa sùn ní àwọn ilé ìgbafẹ́ wọn, bíi pé ìwọ àti ọ̀pọ̀ èèyàn ló jọ ni ilé náà, tí ẹ wá ń pín ọ̀sẹ̀ inú ọdún mọ́ ara yín lọ́wọ́. Bí ọdún bá parí tí o kò lò ó, ó jóná. Túnjí kò ráyè lò ó rí. Nígbà tí bàbá rẹ̀ pé ẹni àádọ́rin ọdún, ó kó gbogbo pọ́ìǹtì rẹ̀ jọ, ó ní kí bàbá òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì lọ fi ọ̀sẹ̀ kan sinmi lórí òkè kan ní ilẹ̀ Tógò. Ìgbà òjò ni, nítorí pé pọ́ìǹtì ìgbà òjò kò wọ́n bíi ti ìgbà ọyẹ́.

“Ẹ̀yin bàbá mi,” ó wí fún wa, “láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú lẹ ti ń ṣe wàhálà ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ lọ jókòó síbì kan, kí ẹlòmíràn gbé oúnjẹ síwájú yín.”

Jíógíráfì ni èmi fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì ya òkè sójú pátákó títí apá fi ro mí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tiwa tẹ́ pẹrẹsẹ, n kò sì tíì sùn lórí òkè kankan rí. Inú mi dùn bíi ti ọmọdé. A gba Ìdírokò kọjá, a la ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ já, Olùkọ́ Faransé sì ń bá àwọn ọlọ́pàá ibodè ṣàwàdà bí ẹni tó pàdé àwọn àna rẹ̀. Ní Lomé, a ra síìmù Tógò kan, inú fóònù mi la fi sí. Ọkọ̀ ilé ìgbafẹ́ náà wá gbé wa, kò sì pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Ọ̀nà náà lọ́ bí ejò tó ń gun igi. Oko kọfí àti kòkó wà lápá ọ̀tún, ọ̀gbun wà lápá òsì. Bàbá Túnjí di ọwọ́ àga mú, ó ń kọ orin ìjọ jẹ́jẹ́. Nígbà tó yá, ìkúukùu bò wá bí aṣọ tútù, láti ìgbà náà a kò sì rí ìsàlẹ̀ òkè mọ́ títí a fi kúrò níbẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà ní ìdí tábìlì àbáwọlé. Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí Bàbá Túnjí, ó sì fi Faransé kí i káàbọ̀: “Músíọ̀ Túnjí!” Ọ̀gbẹ́ni Túnjí ló ń wí; orúkọ ẹni tó ni pọ́ìǹtì ló wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀.

“Sọ fún un pé èmi kọ́,” Bàbá Túnjí wí fún Olùkọ́ Faransé. “Ọmọ mi ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àbí òun ló bí mi ni?”

Olùkọ́ Faransé bá ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀, ó wá yíjú padà sí wa. “Ó ní ẹ̀rọ òun kò mọ bàbá, ẹni tó ni pọ́ìǹtì ló mọ̀. Máa jẹ́ ẹ, jàre. Ẹni tó ń bọ́ni ni bàbá ẹni.”

“Kí n máa jẹ́ orúkọ ọmọ tí mo fọ ìdí rẹ̀? Ó tì o!”

Láràárọ̀, ọmọbìnrin náà á dúró lẹ́nu ọ̀nà ibi ìjẹun, á máa pe orúkọ àwọn àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti pe “Músíọ̀ Túnjí”, Bàbá Túnjí á na ìka sókè bí ọmọ ilé-ìwé, á ní, “Papá! Papá Túnjí!” Gbogbo àwọn tó ń jẹun á bú sẹ́rìn-ín. Ó di eré tí gbogbo ilé ń retí.

Ibẹ̀ dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, a ti rí i pé adìẹ inú àgò la jẹ́. Ìkúukùu dí gbogbo fèrèsé. Òjò á rọ̀, á dá, á tún rọ̀. Aṣọ tí a fọ̀ kọ̀, kò gbẹ. Ọkọ̀ ilé ìgbafẹ́ kì í sọ̀kalẹ̀ àfi lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ àwọn àlejò bá pé, kò sì sí abúlé tí ẹsẹ̀ àgbàlagbà lè rìn dé nínú ẹrẹ̀ yẹn. Oúnjẹ wọn pọ̀, kò sì ní ata. Bàbá Túnjí, ẹni tí kì í jókòó nílé ara rẹ̀ di ọ̀sán láìjáde lọ wo aláìsàn kan, ń lọ ó ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ewúrẹ́ orí ìso.

“Ṣé ìsinmi nìyí?” ó ní. “Ọmọ mi kò ṣẹ̀ mí o, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n tó ní bẹ́ẹ̀dì rírọ̀ lèyí.”

“Àlùfáà, fara balẹ̀,” Olùkọ́ Faransé dá a lóhùn. “Bí o bá jókòó jẹ́ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ìjọba ọ̀run kò ní wó.”

Ẹ̀yìn ilé ìdáná nìkan ni fóònù mi ti ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, níbi tí obìnrin àgbàlagbà kan ti máa ń yan kọfí nínú agbada lórí iná igi. Ibẹ̀ la máa ń dúró sí lọ́sọ̀ọ̀sán de àbúrò Bàbá Túnjí, tó máa ń pè wá láti Ìlobì. Aláwàdà gidi ni. Kò sí ọjọ́ tí kì í fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. “Ẹ̀gbọ́n mi òyìnbó,” á ní, “ṣé otútù ò tíì sọ yín di yìnyín? Ewúrẹ́ yín ní kí ẹ má tètè dé o. Ó ní ara ti tu òun.” Bàbá Túnjí á máa bú u, á máa rẹ́rìn-ín, èéfín kọfí á sì máa fẹ́ lù wá.

Lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó pè ṣáájú àkókò, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Ó bèèrè bóyá mo dá wà. Mo ní mo dá wà.

“Ẹ̀gbọ́n, Túnjí ti lọ.”

Mo bèèrè ibi tó lọ. Gbogbo ìwé tí mo kà, ìbéèrè tó wá sí mi lẹ́nu nìyẹn. Ó ní ó ṣubú lulẹ̀ níbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀mí sì ti bọ́ kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Wọ́n ti mú ìyá rẹ̀ lọ sí Ayétòrò, wọ́n parọ́ fún ìyá náà pé ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni kò yá. Lọ́tunla ni wọn yóò sin òkú náà ní Ìlobì.

“Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi sọ̀kalẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ títí a ó fi pàdé yín ní Ìdírokò.”

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, bó ti wù kí ìgbàgbọ́ jinlẹ̀ tó, bàbá àti ìyá kì í dé ibi tí wọ́n ti ń sin ọmọ wọn, wọn kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, àwọn ará ilé á wá ọgbọ́n tí wọ́n á fi mú àwọn òbí kúrò nítòsí títí ilẹ̀ yóò fi bo òkú. Bàbá Túnjí gan-an ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Láti ìgbà tí ó ti ń ṣe àlùfáà, òun ló máa ń wá ibi tí wọ́n á fi bàbá ọlọ́fọ̀ pamọ́ sí, òun náà ló sì máa ń lọ jókòó tì í, bí ọ̀rẹ́ tó kàn yà láti kíni, tí á máa sọ ìtàn oko àti ti ìgbà èwe. Ó wá kàn mí láti fi ọ̀gá iṣẹ́ náà pamọ́. Mo dúró nínú èéfín yẹn títí obìnrin tó ń yan kọfí fi wo ojú mi, tó fi agbada sílẹ̀, tó sì bu omi fún mi.

Nígbà tí mo wọlé, mo bá Bàbá Túnjí tó ń di ẹrù rẹ̀. Ó ní ó ti tó òun wàyí. Òun yóò ní kí wọ́n bá òun pe takisí láti ìsàlẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́, òun fẹ́ lọ sùn nílé òun. Ẹ̀rù bà mí. Bí ó bá gbéra lọ́la, yóò dé Ìlobì bá pósí ọmọ rẹ̀ nílẹ̀.

“Pọ́ìǹtì tó kù ńkọ́?” mo ní. “Yóò jóná o.”

“Kó jóná. Túnjí ò ní bínú. Ọmọ mi mọ̀ mí.”

Mo yíjú sí fèrèsé. Kò sí ohun tí mo lè rí níbẹ̀ àfi funfun.

Mo pe Olùkọ́ Faransé jáde, mo sọ fún un. Ó fara ti ògiri, ó sunkún, ó bọ́jú nínú òjò, lẹ́yìn náà ó wọlé lọ dùbúlẹ̀. Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì bora, ó ní ibà ti kọlu òun. “Àlùfáà kì í fi aláìsàn sílẹ̀,” ó ti sọ fún mi kó tó wọlé. Òótọ́ ló sọ. Bí Bàbá Túnjí ṣe gbọ́ pé ara ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò yá, ó tú ẹrù rẹ̀, kò sì dárúkọ takisí mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe di ẹlẹ́wọ̀n nínú yàrá kan. Ọ̀kan dùbúlẹ̀ láìṣàìsàn, ọ̀kan ń tọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ le, èmi sì jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, mo ń fi ọwọ́ di fóònù mú nínú àpò bí ẹni di ejò mú. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, mo ní láti rẹ́rìn-ín. Bí ó bá dárúkọ Túnjí, mo ní láti dá a lóhùn. Ó sì dárúkọ rẹ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ń rò bóyá ọ̀dọ̀ ọmọ náà ni òun yóò ti gba oògùn tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí wa.

Ọjọ́ ìsìnkú, òjò kò dá láti àárọ̀. Àbúrò rẹ̀ ti pè mí lẹ́yìn ilé ìdáná kí wọ́n tó gbéra lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì mọ àkókò tí ìsìn yóò bẹ̀rẹ̀. Ní àkókò náà gẹ́lẹ́, kò sí ẹni tó sọ fún un, Bàbá Túnjí dìde, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì gbé ọwọ́ lé Olùkọ́ Faransé lórí.

“Olúwa,” ó wí, “mẹ́ta la gun òkè yìí. Má jẹ́ ká ru ẹnikẹ́ni sọ̀kalẹ̀. Tọ́jú wa, kí o sì bá wa tọ́jú àwọn tí a fi sílẹ̀ nílé. Má jẹ́ kí ọ̀kan dín nínú wọn.”

Olùkọ́ Faransé bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún aláìsàn. Ẹkún ilé ọ̀fọ̀ ni, èyí tí Bàbá Túnjí sì ti gbọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé iṣẹ́ rẹ̀. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí ẹni tó dùbúlẹ̀; iwájú orí náà tutù nini. Ó wò ó títí, ó wá wo èmi.

“Àbúrò mi pè lónìí?”

“Ó pè.”

“Kí ló fi mí ṣe lónìí? Kí ni ewúrẹ́ mi wí?”

“Ó kí ọ,” mo ní. “Ó ní kí o tọ́jú ara rẹ.”

“Ó kí mi,” Bàbá Túnjí wí. Àbúrò rẹ̀ kì í kí i láìkọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dìde lórí eékún rẹ̀, ó lọ dúró níwájú fèrèsé funfun yẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a lọ jẹun. Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe orúkọ. Nígbà tí ó kan tiwa, ó ti ń rẹ́rìn-ín kí ó tó la ẹnu, àwọn àlejò yòókù náà sì ti gbójú sókè, wọ́n ń retí eré.

“Músíọ̀ Túnjí!”

Bàbá Túnjí kò na ìka. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó dìde dúró.

“Èmi nìyí,” ó wí ní Yorùbá.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó ní kí wọ́n bu kọfí fún òun, kọfí tí a jọ ń sá fún láti yunifásítì. Ó mu ún láìsí ṣúgà, láìsí mílíìkì, títí ó fi dé ìsàlẹ̀ ife. Lẹ́yìn náà ló sọ fún wa pé, “Ẹ jẹ́ ká lo pọ́ìǹtì náà tán. Ohun tí ọmọ bá fúnni, a kì í jẹ́ kó jóná.”

Nígbà náà ni mo mọ̀ dájú pé ó ti mọ̀. Bí ó bá là á mọ́lẹ̀, ìfẹ́ bàbá sí ọmọ yóò gbé e dìde lọ sílé, àwa yóò sì ní láti dì í mú. Nítorí náà kò là á. Ohun tó ti ṣe fún àwọn bàbá mìíràn, ó ṣe é fún ara rẹ̀. Kò bèèrè fóònù mọ́, kò sì dé ẹ̀yìn ilé ìdáná mọ́. Láràárọ̀ ó ń jẹ́ orúkọ ọmọ rẹ̀, ó ń mu kọfí rẹ̀, ìkúukùu sì ń dí fèrèsé. Mo ti rí ọjọ́ gígùn láyé mi, n kò tíì rí èyí tó gùn bíi ti orí òkè yẹn.

Ní Ìdírokò, àbúrò rẹ̀ dúró ti mọ́tò láìdé fìlà. Bàbá Túnjí rìn lọ bá a.

“Ṣé ẹ ṣe é dáadáa?”

“A ṣe é dáadáa, Ẹ̀gbọ́n mi.”

“Má sọ ibi tí ó wà fún mi.”

“N kò ní sọ.”

Ìgbà yẹn ló tó jókòó sórí òkúta kan létí títì, láàárín àwọn tó ń ṣẹ́ owó, tó sì sunkún.

Bí a ti ń ṣe nílẹ̀ wa, àwọn èèyàn fi orúkọ náà sílẹ̀ kí ọgbẹ́ má baà máa ṣí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ọmọ rẹ̀ kejì pè é. Èmi náà dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Ó wo ojú mi.

“Ìwọ má pa á dà,” ó ní. “Ìwọ wà níbẹ̀ nígbà tí mo jẹ́ ẹ.”

Fún ìgbà pípẹ́, èrò mi ni pé àwa la ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lórí òkè yẹn. Bí mo ti ń dàgbà sí i ni mo ń rí i pé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló di ilẹ̀kùn náà mú láti inú, kí àwa tí a wà níta má baà mọ bí ó ti wúwo tó.

Olùkọ́ Faransé ti kú. Àìsàn gidi ni lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ àlùfáà kan náà ló sì wà lórí rẹ̀ nígbà tí ó ń lọ. Ìyá Túnjí ti kú pẹ̀lú. Àbúrò tó jẹ́ aláwàdà ń bẹ, ó sì ti tún ń fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin tó bu omi fún mi, n kò mọ̀ bóyá ó ṣì ń bẹ. Kọfí tí mo rà lọ́sẹ̀ tó kọjá, tèmi kọ́. N kì í mu ún. Ìlobì ni mo gbé e lọ. Mo dúró lẹ́nu géètì, mo pe “Bàbá Túnjí!”, ohùn kan sì jẹ́ mi láti inú ilé. Ó ń bẹ. Èmi náà ń bẹ.